Ojú Ọmọ Ń Wò Wá



Ní ọdún 1961, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọdé 72 ṣe ìwádìí. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá kan. Nígbà tó kan àwọn ọmọ náà láti ṣeré, púpọ̀ nínú wọn lu bèbí ọ̀hún bí wọ́n ti rí i. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é.

Àwa náà ń rí i ní Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń kọjá, ọmọ kékeré á wọ irú aṣọ tí baba rẹ̀ wọ̀, á sì máa yan bíi tirẹ̀. Ojú ló fi kọ́ ọ.

Ojú kan náà ló ń wo bí a ṣe ń náwó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lóde àríyá àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Bí a bá ní kí ọmọ ṣọ́wó ná, tó wá rí owó lábẹ́ bàtà wa, èwo ni yóò gbà gbọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, inú àpòòwé ni kí a fi ẹ̀bùn onílù àti olórin sí lónìí. Ẹ jẹ́ kí a fi lé wọn lọ́wọ́ níṣojú àwọn ọmọ wa.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.