Ìgbà Wo Ni Ewé Yóò Dọṣẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Àlejò Nílẹ̀ Jàpáànì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjẹ ìpadàpọ̀ ẹgbẹ́ wa)

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, èrò mi ni pé n ó sọ nípa iṣẹ́ ìròyìn tí mo kọ́ ní Pólì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rántí gólì wa, ẹni tí a sọ ní Ọwọ́-Gọ́ọ̀mù nítorí pé bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí tó ti wà ní Saitama, nítòsí Tokyo, nílẹ̀ Jàpáànì. Iṣẹ́ títú ọkọ̀ àlòkù àti kíkó ẹ̀yà ọkọ̀ sínú kọ̀nténà ló ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù lóru. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ilé ìwé dé, ó sì bi í pé, "Dádì, wọ́n ní ìgbà wo ni mo máa padà sí ìlú mi?"

Ẹ gbọ́ o. Saitama ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Ọmọ Jàpáànì ni ìyá rẹ̀. Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí. Ọ̀rẹ́ wa wá ní, "Ìwọ akọ̀ròyìn, ìwọ tí o máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, kí ni kí n dá ọmọ mi lóhùn?" Mo dákẹ́. N kò rí èsì fọ̀. Ó gbà kí n sọ ọ́ fún yín, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Èsì tí n kò rí fọ̀ lóru ọjọ́ náà ni mo bá yín wá lónìí.

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ní Jàpáànì, ìgbà wo ni ewé yóò dọṣẹ? Ohun tí mo rí nìyí: ará Jàpáànì mọ àlejò í ṣe, bóyá ju àwa gan-an lọ. Bí o bá ṣìnà, ẹni tí o kò mọ̀ rí lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó sìn ọ́ dé ibi tí ò ń lọ. Bí o bá gbàgbé pọ́ọ̀sì sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ṣeé ṣe kí o bá a pẹ̀lú owó inú rẹ̀ ní pípé. Wàhálà kò sí lórí àlejò. Ọjọ́ tí àlejò bá ní òun kì í ṣe àlejò mọ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Gaijin ni wọ́n ń pe àjèjì. "Gai" ni òde, "jin" ni ènìyàn: ará òde. Àwọn kan ní kì í ṣe èébú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú ilé, tí a ṣì ń pè ní ará òde, ṣé á dùn mọ́ ọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1579, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Yasuke bá àwọn àlùfáà Jesuit dé ibẹ̀. Ní 1581, Oda Nobunaga, ọ̀gágun tó lágbára jù lásìkò náà, rí i, ó rò pé tàdáwà ni wọ́n fi kun ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí dúdú kò ṣí, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó fi í sọ́dọ̀, ó fún un ní ilé àti idà. Ìyanu àti inúure ti jọ wà pọ̀ láti ìgbà náà. Láàárín 1630 sí 1641, ìjọba wọn wá ti ìlẹ̀kùn. Nínú gbogbo òyìnbó, àwọn ará Holland nìkan ni wọ́n gbà láyè láti ṣòwò, àwọn náà sì há mọ́ Dejima, erékùṣù kékeré kan tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní Nagasaki. Ó lé ní igba ọdún kí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó wá kan ìlẹ̀kùn náà ní 1853.

Àwọn tí ìyà yìí jẹ jù kì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará Korea ni, àwọn tí ojú wọn jọ ti onílé. Jàpáànì gba ilẹ̀ wọn ní 1910, ọ̀pọ̀ wọn sì wá ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1923, ìmìtìtì ilẹ̀ ba Tokyo àti Yokohama jẹ́. Àhesọ bẹ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Korea ń da májèlé sínú kànga. Àwọn ènìyàn kó idà àti kùmọ̀ jáde, wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń ní kí ẹni tó bá ń kọjá pe "jugoen gojissen", ìyẹn iye owó kan. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́, ó gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ rántí Ṣibolẹti. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú.

Ní 1952, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ àwọn ará Korea tó wà níbẹ̀. Wọ́n tún ń mú wọn tẹ̀ka bí ọ̀daràn. Ọdún 1993 ni wọ́n tó dá ìyẹn dúró fún wọn. Títí dòní, ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣì ń jẹ́ àjèjì, àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ ìlú. Ẹ̀jẹ̀ ni òfin wọn ń wò, kì í wo ilẹ̀ tí a bí ọmọ sí. Kódà, kó tó di 1985, obìnrin Jàpáànì tó bá fẹ́ àjèjì kò lè fi ìlú rẹ̀ jogún fún ọmọ. Òfin ti yí ìyẹn padà. Nítorí náà, lójú òfin, ọmọ Jàpáànì ni ọmọ Ọwọ́-Gọ́ọ̀mù. Ojú àwọn ènìyàn ló kù.

Ojú yìí náà ló ń bá Rui Hachimura jà. Ará Benin, aládùúgbò wa níbí, ni bàbá rẹ̀. Ará Jàpáànì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n bí i ní Toyama ní 1998. Ní 2019 ó wọ NBA, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Ní 2021, òun ló wà lára àwọn tó gbé àsíá Jàpáànì níbi ìdíje Olympic ní Tokyo. Lọ́dún kan náà, àbúrò rẹ̀ fi èébú tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i nítorí àwọ̀ rẹ̀ han gbogbo ayé, Rui sì ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni irú rẹ̀ ń dé sọ́dọ̀ òun. Ẹni tó gbé àsíá o!

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ìlú Otaru, ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná kan kò gba àjèjì wọlé, nítorí pé àwọn atukọ̀ Rọ́ṣíà ń mutí yó, wọ́n sì ń dà á rú. Debito Arudou, tí wọ́n bí l'Amẹ́ríkà, gbàwé ọmọ Jàpáànì ní 2000, ó padà lọ, ó fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn gbà pé ọmọ ìlú ni, ṣùgbọ́n kò lè wọlé, torí àwọn oníbàárà. Òun àti àwọn méjì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2002, ilé ẹjọ́ ní Sapporo ní kí ilé ìwẹ̀ náà san mílíọ̀nù kan yen fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ti ilé gbígbà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ wa ní ilé méje ni òun wò kí òun tó rí ọ̀kan. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ jẹ́ kí òun jókòó. Kì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn gbé jáde ní 2017 fi hàn pé nínú àjèjì mẹ́wàá tó wá ilé, nǹkan bí mẹ́rin ni wọ́n kọ̀ fún nítorí pé wọ́n jẹ́ àjèjì. Ta ló wá gba ọ̀rẹ́ wa sílẹ̀? Ìyá àgbà ọmọ Jàpáànì kan ládùúgbò ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìyá náà ṣe onídùúró fún un, ó sì kọ́ ọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń da irú pàǹtí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yìí Mọ́mọ́ ló ń pè é di bí mo ti ń wí yìí. Ẹ má gbàgbé ìyá yẹn o.

Ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá nílé. Ní oṣù Kẹfà 2019, ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n ti há mọ́ àtìmọ́lé àwọn àjèjì ní Omura, lẹ́kùn Nagasaki, fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta, kọ oúnjẹ títí ó fi kú. Ní oṣù Kẹjọ 2025, JICA, àjọ ìrànlọ́wọ́ ìjọba Jàpáànì, so ìlú mẹ́rin wọn mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Áfíríkà. Kisarazu ni wọ́n so mọ́ Nàìjíríà. Ìjọba wa gbéwèé jáde pé Jàpáànì yóò ṣe físà àkànṣe fún àwọn ọmọ wa. Jàpáànì ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ta létí: wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ń ya bọ̀, fóònù ìjọba ìlú Kisarazu kò sì sinmi. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, JICA ti fagi lé ètò náà. Àhesọ ló pa àwọn ará Korea ní 1923, àhesọ náà ló pa ètò yìí.

Síbẹ̀, wọ́n nílò ènìyàn. Arúgbó pọ̀, ọmọ kò tó, iṣẹ́ ń wá ọwọ́. Ní ìparí 2024, àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 3.7. Àwọn kan sì ti là á já: ọmọ ilẹ̀ Mali, Oussouby Sacko, di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Kyoto Seika ní 2018. Òfin tó tako ọ̀rọ̀ ìkórìíra jáde ní 2016, bí kò tilẹ̀ ní ìjìyà nínú. Ìlú Kawasaki ló wá fi owó ìtanràn sí tirẹ̀ ní 2019.

Kí a tó nàka sí Jàpáànì, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Kumasi ni bàbá bàbá mi ti ń ṣòwò kí wọ́n tó lé àwọn Yorùbá kúrò ní Ghana ní 1969. Àpótí kan ló gbé dé. Ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Ghana. Ẹ̀yin ará mi, ewé kò dọṣẹ lọ́wọ́ tiwa náà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtilọ, ẹ jẹ́ kó kọ́ èdè wọn kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní físà àkànṣe wà lọ́wọ́ òun. Kí ó sì mọ̀ pé ìwé ìlú ọ̀tọ̀, ojú ará ìlú ọ̀tọ̀.

Èsì tí mo padà fún ọ̀rẹ́ wa nìyí: "Sọ fún ọmọ rẹ kó dáhùn pé òun ti wà ní ìlú òun. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kó tún un sọ. Kí o sì sọ fún un pé ó ní ìlú kan síwájú sí i, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ti ń retí rẹ̀." Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ṣèlérí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ pè é.