Ojúṣe Wa sí Àwọn Tí Etí Wọn Di

Ọ̀rọ̀ wa ní àpéjọ yìí kan àwọn ará tí etí wọn di, pàápàá àwọn tí ó ti gba ẹ̀rọ etí tí wọn kò sì rí i lò láàárín wa.

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Barsillai nígbà tí Dáfídì Ọba pè é sí ààfin. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi kọ̀ ni pé òun kò gbọ́ ohùn àwọn akọrin mọ́ (2 Sámúẹ́lì 19:35). Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lónìí. Àgbà tí ń jókòó níwájú yóò sún sẹ́yìn. Bí ìjọ bá rẹ́rìn-ín, yóò rẹ́rìn-ín láì mọ ìdí. Nígbà tí ó bá yá, yóò jókòó sí ilé. Àwọn ènìyàn yóò sì wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù.

Ọjọ́ ogbó a máa dí etí. Etí tí ń ṣọyún a máa bà á jẹ́. Àìsàn yírùnyírùn tí ń jà ní Òkè Ọya nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè sọ ọmọdé di adití. Ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Àwọn ohùn tín-ín-rín ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ni arúgbó fi ń wí pé, “Mo ń gbọ́ ohùn yín, n kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí.” Oníwàásù wí pé ìfẹ́, òun gbọ́ ìṣẹ́. Kíké mọ́ ọn kò lè wo èyí sàn.

Àwọn kan rò pé ẹni tí ó fi ẹ̀rọ sí etí ti sẹ́ agbára àdúrà. Ẹ̀yin ará, àwọn alàgbà wa ń wọ awò ojú ka Bíbélì lórí àga ìwàásù, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní aláìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà, kí á sì rán ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn, bí UCH ní Ìbàdàn tàbí Ilé Ìtọ́jú Etí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Kàdúná. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí etí lásán ni ó dí i. Ẹ̀rọ tí a rà lójú pópó láì yẹ etí wò lè sọ gbogbo ohùn di ariwo.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sọ etí àgbà di ti ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ kìíní, ìró bàtà, ìró fáànù àti ohùn ẹni tìkára rẹ̀ yóò máa dún kíkankíkan. Ọpọlọ ní láti tún àwọn ohùn wọ̀nyí kọ́, èyí sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tí ó pa rọ́rọ́, fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, pẹ̀lú ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ẹni méjì. Lẹ́yìn náà ilé ìsìn. Bí ẹ̀rọ bá ń súfèé tàbí ó ń dun etí, kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó fi í sí i. Kí ó má ṣe tì í mọ́ inú àpótí.

Ẹ rántí adití inú Máàkù orí 7. Kí Olúwa tó wò ó sàn, Ó mú un kúrò láàárín èrò lọ sí apá kan. A rọ ìjọ gbogbo, nígbà tí a bá padà sílé: kí á fi àga iwájú sílẹ̀ fún wọn, níbi tí wọn yóò ti rí ẹnu oníwàásù, kí á kọjú sí wọn, kí á sọ̀rọ̀ yékéyéké láì pariwo, kí ẹni méjì má ṣe sọ̀rọ̀ pọ̀ ní ìpàdé, kí á dín agbára gbohùngbohùn kù. Bátìrì kékeré inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Kí àwọn ẹgbẹ́ dáwó rà á fún opó tí kò ní.

Pọ́ọ̀lù so ìgbàgbọ́ mọ́ gbígbọ́ ọ̀rọ̀ (Róòmù 10:17). Ẹni tí ó bá ran arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbọ́, iṣẹ́ ìhìnrere ni ó ṣe. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti ṣe é. Àmín.