Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Níwájú Ọlọ́run
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Agbamu

Ọ̀ràn tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ èyí tí gbogbo wa rò pé a mọ̀. A ń gbàdúrà ní òwúrọ̀, a ń gbàdúrà ní alẹ́, ariwo rẹ̀ sì ń dé ọjà. Ṣùgbọ́n ta ni ń dúró gbọ́ èsì? Ẹni tí ó wọ ààfin, tí ó ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, tí ó sì yíjú padà kí Ọba tó lanu, ǹjẹ́ a lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá gba ìmọ̀ràn?

Kì í ṣe pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni ó tó. Ní Èsìẹ́, ìlú aládùúgbò wa, àwọn ère òkúta wà tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọn tí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé C.M.S., ròyìn fún ayé ní ọdún 1933. Wọ́n ti jókòó, wọ́n sì ti dákẹ́ láti ìgbà pípẹ́; kò sí ẹni tí yóò pe èyíinì ní àdúrà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó ní etí ni a ń pè ní àṣàrò. Bí ọmọdé bá da omi odò rú, a kì í fi ọwọ́ tún un ṣe. A ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi tòrò, nígbà náà ni a ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní ọdún 1904, ọmọ Odò-Ọwá ni, ilé onígbàgbọ́ ti C.M.S. ni a sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún Ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà dúró. Bí ó sì ti ń tún un ṣe, ó jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn tí ó pe orúkọ òun. Ẹ kíyè sí i, ariwo ẹ̀rọ ti dákẹ́ ná. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi ara fún ààwẹ̀ àti àdúrà. Ìsọjí ńlá ti Òkè-Oòyè ní Iléṣà kò dé títí di ọdún 1930. Èrò tí ó wọ́ lọ síbẹ̀ ni a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ ààwẹ̀ wọ̀nyẹn, nígbà tí kò tíì sí èrò, ni ó wù wá jù láti rò.

Ó yẹ kí ọ̀ràn yìí kan àwa ará Áńgílíkà lára. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's kó ara wọn jọ fún àdúrà. Ní ọdún 1922 wọ́n yapa kúrò lọ́dọ̀ wa. A kò bá wọn gbà lórí ìrìbọmi ọmọ-ọwọ́ àti lórí oògùn, a kò sì ní fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ebi àdúrà tí ó pa wọ́n, ǹjẹ́ oúnjẹ rẹ̀ wà ní ilé wa lónìí? Ìwé Àdúrà wà lọ́wọ́ wa fún òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn sì ń kà á bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko.

Àgbẹ̀ tí ó wí pé kò sí àyè, ọ̀nà oko rẹ̀ ńkọ́? Kí ó pa fóònù, kí ó mú ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ kan láti ilé, kí ó sì máa rò ó títí yóò fi dé ìdí ebè. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lè ṣe é nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú ní òru. Kì í rọrùn. Ọkàn yóò sá lọ sí ọjà, yóò sá lọ sí ìdí gbèsè. Kí a rọra pè é padà, kí a má bínú sí i. Ní ti àwọn tí ilé wọn kún fún èrò, a bẹ àwọn olórí ìjọ pé kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì máa wà ní ṣíṣí láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ìlù níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ.