Kí Ni A Fẹ̀yìn Tì?

    

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí a wá sọ ni ti àwọn àgbà wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ni òmíràn nínú wọn, nọ́ọ̀sì ni òmíràn, òmíràn ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Púpọ̀ nínú wọn ló ń dá gbé ní Atlanta yìí. Àwọn ọmọ ti lọ sí Charlotte àti Houston. Ọkọ tàbí aya ti di ẹni ilẹ̀. Ilé á dákẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tí àwa nílé òrìṣà sì máa ń ṣe ni kí a tètè wá iṣẹ́ fún wọn: “Ìyá, ẹ bá wa se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí. Bàbá, ìpàdé wà ní Ọjọ́bọ̀.” Inú rere ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹni tí ó dá jókòó ló lè ṣe é dáadáa, ó sì ti ń dúró dè wá láti bí 150 ọdún. Bí a bá fi ìpàdé gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, ta ni yóò ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Yorùbá kò sọ pé ẹni tí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ní ó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó bá sì fẹ̀yìn, nǹkan kan ló fẹ̀yìn tì: ó lè jẹ́ ògiri, ó lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí ni àwa fẹ̀yìn tì ní ìlú yìí?

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa kò rí ìsinmi yìí. Ní oṣù July 1881, àwọn obìnrin alágbàfọ̀ ní Atlanta da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ọ̀yà tí kò tó nǹkan. Nǹkan bí 20 ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di 3,000. Alágbàfọ̀ tí ó bá dàgbà nígbà náà a máa fọṣọ títí apá rẹ̀ yóò fi kọ̀. Ní Tennessee, Callie House, alágbàfọ̀ tí a bí sínú oko ẹrú, bá wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Nashville láàárín ọdún 1890 sí 1899, láti béèrè owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba fún àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú. Ẹ̀sùn jìbìtì ni ìjọba fi dá a lóhùn. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1917, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí òfin Social Security dé ní 1935, wọ́n yọ òṣìṣẹ́ oko àti ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń ṣe ní Gúúsù. Ó di 1950 àti 1954 kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún púpọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnikẹ́ni kò bi yín pé ibo lẹ wà, ìjà ni wọ́n fi gbà á fún yín. A kò rò pé tẹlifíṣàn ló yẹ kó jẹ ẹ́ tán. Ká má sì tan ara wa, kò yẹ kí ilé òrìṣà náà jẹ ẹ́ tán.

Àwọn kan ń bẹ̀rù àdáwà. A mọ̀ pé alẹ́ a máa gùn. Ṣùgbọ́n ọdẹ a máa dá wọ igbó, ahunṣọ a máa dá jókòó nídìí òfì, kò sì sí ẹni tí ń káàánú wọn, nítorí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Orí pàápàá, ẹni tí ó ni ín ló ń kí i. Ìbọrí ńlá fẹ́ kí ẹlòmíràn báni ṣe é, pẹ̀lú obì, tàbí àgbọn fún àwa tí a gba ti Kúbà. Àmọ́ kíkí orí ní ìdájí, pẹ̀lú omi tútù àti ọwọ́ ara ẹni, kò nílò èrò.

Iṣẹ́ tí a ń sọ nìyí. Láti ìgbà tí Ọba Adéfúnmi Kìíní ti dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, ọ̀pọ̀ wa ti gba orúkọ Yorùbá. A di Ọ̀ṣun kan, a di Ifá kan. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ojú egún tí a ń júbà, mélòó nínú wa ló lè pe orúkọ mẹ́rin tẹ̀léra? Lẹ́yìn ìyá ìyá wa, ẹnu á wọlẹ̀. A ń bọ egún, a kò mọ egún.

Orúkọ wọ̀nyẹn wà níbìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù tí ẹ rántí, kí ẹ máa fi ìwé ìkànìyàn ìjọba padà sẹ́yìn. Ti 1950 ti ṣí sílẹ̀ láti 2022. Láti 1900 ẹ ó fò sí 1880, nítorí iná ọdún 1921 ní Washington ba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti 1890 jẹ́. Tí ẹ bá dé 1870, ẹ fara balẹ̀: ibẹ̀ ni ìkànìyàn ti kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ní 1860, orúkọ olówó wọn ni akọ̀wé kọ. Tiwọn jẹ́ ìlà kan tí ó sọ ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara. Ẹ má retí pé ẹ ó rí i lọ́jọ́ kan. Akọ̀wé kọ ohun tí ó gbọ́, nítorí náà orúkọ kan lè ní ìrísí márùn-ún. Ẹ máa pè é sókè bí ẹ ti ń kà á. Ẹni tí ó bá dá wà lè pè é sókè láìsí pé ẹnì kan ń wo òun bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Georgia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Morrow, ní gúúsù ìlú. Ní àárín ìlú, Auburn Avenue Research Library ti ṣílẹ̀kùn láti 1994. Ìwé ibẹ̀ kì í jáde. Ẹ ó jókòó tì í ni, èyí sì bá ohun tí a ń sọ mu.

Iṣẹ́ kan tún wà tí àwọn onímọ̀ ní Emory bẹ̀rẹ̀ níbí: àkọsílẹ̀ àwọn 91,491 ènìyàn tí púpọ̀ wọn bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n gbá mú, tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní SlaveVoyages, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Áfíríkà wá ran àwọn lọ́wọ́ láti mọ èdè tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá. A kò sọ pé baba ńlá yín wà nínú wọn. Àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró kò dé Georgia. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, tí akọ̀wé òyìnbó fi etí òyìnbó kọ. Kíka ogún nínú wọn lálẹ́ kọ́ni ní èdè ju kíláàsì míì lọ.

Bí ọwọ́ bá fẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ to ìlẹ̀kẹ̀, ẹ gbin ewé. Ẹni tí ó ti pé 62 tí ó ń gbé Georgia lè jókòó ní kíláàsì yunifásítì ìpínlẹ̀ láìsan owó ẹ̀kọ́, bí àyè bá wà.

Ẹnì kan lè ní a fẹ́ pa àwọn àgbà tì. Rárá o. Kí ẹnì kan máa pè wọ́n lálaalẹ́. Kí ó béèrè bí ara ti rí, kí ó tún béèrè ibi tí wọ́n bá ìwádìí dé, kó má sì kan ìpàdé.

Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí i, ọdún rẹ̀, àti káúńtì tí ó gbé. Bí ọjọ́ egúngún bá dé, ẹ gbé e wá kí a lè pe gbogbo wọn. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ o. Ojú àwa tí a ó kà á kò ríran bíi ti àtijọ́ mọ́.