Kí Àlejò Tó Wá Tún Ìlú Wa Ṣe Má Fara Pa
Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé sọ

  Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kan kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú: kí wọ́n kun ilé ìwé, kí wọ́n kó gọ́tà, kí wọ́n gbin igi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Àárọ̀ Sátidé ni. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan wá bá wa kó gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ṣọ́bìrì wà, T-shirt wà, ráìsì wà nínú kúlà. Bàtà òjò nìkan ni ò sí. Arábìnrin kan tẹ ìṣó tó ti dípẹtà, ó gba inú bàtà kánfáàsì rẹ̀ wọlé. A ò ní àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Orí ọ̀kadà la gbé e sí, láìsí akoto. Ìgbà tá a dé ilé ìwòsàn wa, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ìlú kejì ló ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ara rẹ̀ ti yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣètò ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ejò ló bù ú jẹ ńkọ́?

Àwọn kan sọ pé, "Ṣebí òun ló yọ̀ǹda ara rẹ̀?" Rárá o. Ọ̀gá rẹ̀ ló rán an wá, àwa la gbà á lálejò. Òfin ọdún 2010 wà lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, NSITF ló ń bójú tó o. Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, ká béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà bóyá ètò yẹn kan iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ká béèrè ti àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà, torí pé àwọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Ta ló máa tọ́jú wọn?

Ohun tí a ó máa ṣe láti ìsinsìnyí nìyí.

Àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ká lọ wo ibi iṣẹ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwa la mọ ibi tí kànga àtijọ́ wà lábẹ́ koríko, àwa la mọ igi tí agbọ́n wà.

Èkejì, ẹni tí kò bá ní bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ ò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà. Kó wá bá wa pín omi. Aláboyún àti ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ ni tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bí ọ̀gá bá tiẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn gun àkàbà, ẹni tí kò lè gùn ún lè kọ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ẹ̀kẹta, tẹ́nì kan bá wà lórí àkàbà, kí ẹnì kan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Àkàbà irin ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà iná.

Ẹ̀kẹrin, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ kan dúró, kí gbogbo wa sì mọ nọ́ńbà pàjáwìrì, 112. Tí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ́ sín in, ẹ má fẹnu fà á. Ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀karùn-ún, ká ka orí wọn nígbà tí wọ́n bá dé, ká tún un kà kí wọ́n tó wọkọ̀. Kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin àgbà wa, àwa ọ̀dọ́ ti dá owó àpótí ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra bàtà òjò ogún. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú wa, ẹsẹ̀ náà ni kó fi rìn padà sílé.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o.