Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti Ọmọ Yorùbá: Ọ̀nà Ìmúrasílẹ̀ Wo Ni Ó Yẹ?

Kókó tí ó wà nílẹ̀ ni bí ọmọ Yorùbá ṣe lè múra sílẹ̀ fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣa akẹ́kọ̀ọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tí ó bá rìn láti Agbowó, níwájú ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, títí dé Bódìjà, yóò rí i pé àwọn ilé lesson pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ń ta ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá kò sì wọ́n ní Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ń fẹ́ ìdáhùn: ẹni tí ó há ìdáhùn ẹgbẹ̀rún ìbéèrè sórí, ǹjẹ́ ó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì?

Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ JAMB sílẹ̀. Nínú ìdánwò UTME tí àjọ náà ń ṣe, iṣẹ́ mẹ́rin ni olùdánwò kọ̀ọ̀kan ń ṣe; Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún gbogbo wọn. Ìbéèrè 180 ni ó wà níbẹ̀, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan. Ọmọ tí ó mọ físíìsì dunjú lè tipa Gẹ̀ẹ́sì pàdánù iṣẹ́ tí ó ń lépa.

Nínú gírámà, kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá ti ń yọ̀. Ó ní ojúkò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí olùwà: ‘ọmọ náà lọ’, ‘àwọn ọmọ náà lọ’. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dí àlàfo inú ‘The price of the books ... high’, ojú rẹ̀ á lọ sí ‘books’ tí ó súnmọ́ àlàfo náà jù, á sì mú ‘are’. Bí olùkọ́ bá kàn sọ pé ‘is’ ni ìdáhùn, ọmọ náà yóò gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ‘owó àwọn ìwé náà pọ̀’, tí ó sì bi í pé kí ni ó pọ̀, ìwé ni tàbí owó, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn pé owó ni. Ó ti rí olórí ọ̀rọ̀ inú olùwà. Ẹyọ ni ‘price’, ‘is’ ni ó sì yẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbà. ‘Ó lọ’ ti kọjá. ‘Ó mọ̀ ọ́n’ jẹ́ ti ìsinsìnyí. Kò sì sí àmì ìgbà kankan lára àwọn méjèèjì. ‘Went’ àti ‘knows’ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. ‘Ó’ kan ṣoṣo yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì pín sí ‘he’, ‘she’ àti ‘it’. Ẹni tí ó bá sì sọ pé òun ‘hear the smell’ kì í ṣe òmùgọ̀. Yorùbá ni ó ń gbọ́ òórùn, Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ ọ.

Ìdánwò náà a tún máa bèèrè nípa ìró. Yorùbá kò ní ìró ‘v’, nítorí náà ‘van’ àti ‘fan’ lè di ọ̀kan náà lẹ́nu ọmọ. Àmọ́ ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti ní etí tí ó ń gbọ́ bí ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà. Kí olùkọ́ wá ṣàlàyé pé fífi agbára pe sílébù kan ju èkejì lọ ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ‘record’ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, sílébù kìn-ín-ní ni ó gba agbára; bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èkejì ni.

Ní ti àkàyé, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dáhùn láti inú ìmọ̀ ara rẹ̀ dípò inú àyọkà. Ká ní àyọkà kan sọ pé wọ́n la ọ̀nà tuntun ní ìlú kan, ìrìn àjò yá sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ kò rí oníbàárà mọ́. Wọ́n wá bèèrè kókó ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé. Ẹni tí ń kánjú yóò mú ìdáhùn tí ó sọ pé ọ̀nà dára fún ọrọ̀ ajé. Ó lè jẹ́ òtítọ́ láyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àyọkà sọ nìyẹn. ‘Ṣùgbọ́n’ tí ó wà láàrin ni ó gbé ìtumọ̀ dání: àǹfààní ẹnìkan lè jẹ́ àdánù ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè fi ìka tọ́ ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ ti wá. Kíka ìwé ìtàn àti ìwé ìròyìn lóòrèkóòrè ni ó ń mú kí ojú mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá gan-an ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìfìdírẹmi nínú ìdánwò sì wà lára ìdí tí wọ́n mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á rántí ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yòókù, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé wọn kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe sọ ìbéèrè àtẹ̀yìnwá di oúnjẹ. Dígí ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ara rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ ṣì sínú ìwé kan, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ṣì í, kí ẹ sì kọ bí Yorùbá ti ń sọ ohun kan náà. Ìgbà tí ìdí bá yé yín tán ni kí ẹ tó fi aago sí i. Ogún ìbéèrè tí a mọ ìdí wọn sàn ju igba tí a há sórí lọ. Nítorí ẹni tí ó mọ ìdí, bí wọ́n bá pa ìbéèrè láṣọ dà, yóò ṣì dá a mọ̀.