Irin Ògún Lọ́wọ́ Wa: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọdẹ Sọ Kí Ọdún Tó Wọlé

Ọ̀rọ̀ ṣakabùlà tí a ó yìn fún Ògún lọ́jọ́ ọdún ni ẹ pè mí sí.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ìrè. Ògún ti ogun dé, ó bá àwọn èèyàn níbi ìpéjọ tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó gbé akèrègbè ẹmu, òfìfo ni. Kò béèrè, ó fa idà yọ. Ìgbà tí inú rẹ̀ rọ̀ ló tó mọ̀ pé àwọn èèyàn òun ni òun pa, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Òrìṣà tó ni irin pàápàá kábàámọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ẹmu títí yóò fi gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn gan-an ni mo ń bá wí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ọ̀pọ̀ èèyàn yìnbọn pọ̀. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà: ẹ̀tù kọ́kọ́ wọlé, èkísà tẹ̀ lé e, a fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bí ìbọn mẹ́wàá bá dún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí tirẹ̀ kò dún lè má mọ̀. Èéfín bo ojú, ariwo di etí. Ó rò pé tòun náà ti ró, ó sì ki ẹ̀tù mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Bí iná bá wá kàn án, irin lè bẹ́. Páìpù omi ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn wa, ẹni tó ṣe páìpù omi kò sì ro ti ẹ̀tù.

Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sára ọ̀pá níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Kí ẹ tó ki òmíràn, ẹ tún ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Bí àmì bá yọ sókè, nǹkan ṣì wà nínú. Ìbọn tó kọ̀ láti dún, ẹ kọjú rẹ̀ sókè, kí ẹ dúró pẹ́. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má yọjú wo ẹnu rẹ̀ láé.

Ọjọ́ ọdún kò fẹ́ ọta. Èkísà pàápàá lè máa jó bó ti ń fò jáde, ẹ má kọjú rẹ̀ sí èèyàn tàbí òrùlé. Òfin ohun ìjà ọdún 1959 kan ṣakabùlà náà. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, kó má gbé e wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán ayẹta wò lára èèyàn ní agbo wa. Mo gba oògùn gbọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí a yìnbọn fún òun kí ayé lè rí i, òkìkí ló ń wá. Bó bá kú, ọmọ ẹlòmíràn tó yìn ín ni ọlọ́pàá yóò mú.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ yan ẹni méjì tí kì í mutí, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀tù jìnnà sí iná, kí wọ́n sì máa yẹ ọ̀pá wò lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan. Mo ti sàmì sí ọ̀pá tèmi. Òun nìyí, ẹ sún mọ́bí kí ẹ wò ó.